Fìlà Márùn-ún Ọ̀gá Ariwo

Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Òjò láti àárọ̀. Ife tíì tún bọ́ lọ́wọ́ mi, ó fọ́ sí ẹsẹ̀ àga. Àbúrò mi tí a jọ ń gbé gbé ìgbálẹ̀ wá, ó ní, "Àǹtí mi, ìkẹta rèé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣé ẹ̀ ń bá àwọn ife jà ni?" Mo rẹ́rìn-ín. N kò sọ fún un pé àtàǹpàkò ọ̀tún mi àti ìka méjì tó tẹ̀ lé e ti kú tipiri láti bí oṣù kan. Lánàá mo fi abẹ́rẹ́ gún wọn wò. N kò mọ̀ pé ó wọlé títí mo fi rí ẹ̀jẹ̀.

N kò sọ fún Ọ̀gá mi náà, ẹni tó ni ilé ìtọ́jú tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ẹni tó ń fi ọwọ́ gbọ́ ìrìn omi nínú orí ọmọ, tí ọwọ́ rẹ̀ wá di adití, iṣẹ́ wo ló kù fún un? Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti wà lẹ́nu eléyìí. N kò mọ òmíràn.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Ọmọ mẹ́ta lónìí. Mo gbé ọwọ́ lé orí wọn, mo dijú, mo dúró. N kò gbọ́ nǹkan kan. Inú ìwé àkọsílẹ̀, níbi tí a ti ń kọ iye ìgbà tí omi lọ tó sì bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, mo kọ mẹ́jọ fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mẹ́jọ kì í ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Ìdílé tuntun. Ìyá ọmọ jẹ́ onídìrí, bàbá ọmọ ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, kò ní í dé títí ìparí ọdún. Ìyá àgbà tó bí onídìrí yìí bá wọn wá, ó gbé àpò òwú kọ́ apá, irin ìhunṣọ méjì yọrí jáde nínú rẹ̀. Ọmọkùnrin ni, oṣù mẹ́ta. Wọn kò tíì gun àtẹ̀gùn tán tí a ti ń gbọ́ ọ. Ọ̀gá wò mí lójú, ó ní, "Ìwọ ni mo fún." Orí máa ń fọ́ ọ bí ọmọ bá ń ké.

"Kì í sùn, mà," ni onídìrí wí. Ojú tirẹ̀ náà ti pọ́n. "Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ fà á jáde, ẹkún ṣáá ni. Aládùúgbò tó wà lókè wa fi ẹsẹ̀ kilẹ̀ títí ó fi sú u. Dókítà ní inú ló ń run ún, pé á kọjá. Kò tíì kọjá."

"Ọ̀gá Ariwo ni mo sọ ọ́," ni ìyá àgbà wí. "Bí bàbá rẹ̀ bá sọnù sórí omi, ohùn yìí nìkan á pè é wálé."

Mo fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ọwọ́. Mo bọ́ fìlà rẹ̀, fìlà funfun tí ìyá àgbà hun, mo fi lé e lọ́wọ́ bí a ti máa ń ṣe. Mo tẹ́ ọwọ́ kan sábẹ́ ìpàkọ́ rẹ̀, ọ̀kan sábẹ́ egungun ìdí. A kì í tẹ ọmọ, a kì í fà á. A kì í sì í wọn orí. Ọ̀gá kì í jẹ́ kí téèpù wọ yàrá yẹn rárá. Ó máa ń ní àwọn tí kò lè gbọ́ ni wọ́n ń wọn nǹkan.

Ó ké fún ogójì ìṣẹ́jú gbáko. Mo kọ mẹ́jọ.

Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Ààrá, kò sí iná. A ṣiṣẹ́ nídìí fèrèsé. Ọ̀gá Ariwo dé fìlà pupa rúsúrúsú tó jọ inú ẹyin. Ìyá àgbà ní funfun yẹn há, pé òun ló hun ún kéré jù. "Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì. N ò ka ojú òwú dáadáa mọ́." Ọmọ ké, ṣùgbọ́n kò le tó ti tẹ́lẹ̀. Mẹ́jọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Ó sùn sọ́wọ́ mi.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọwọ́ sí i ni. Ó mí kanlẹ̀, ó dijú, gbogbo ara rẹ̀ sì rọ̀. Ohun tí a máa ń dúró dè rèé, ìdúró jẹ́ẹ́, ìgbà tí omi bá dúró kó tó tún ọ̀nà ara rẹ̀ ṣe. Ọ̀gá wá sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ìka pe àwọn yòókù kí wọ́n wá wò ó. Onídìrí ń sunkún láìpariwo. Ìyá àgbà dá irin ìhunṣọ dúró.

Ó yẹ kí inú mi dùn. N kò gbọ́ ìdúró jẹ́ẹ́ kankan. Orí ọmọ kàn wúwo lọ́wọ́ mi ni.

Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ó bì sára aṣọ iṣẹ́ mi, bíbì alágbára, ó dé ara ògiri. Ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láràárọ̀ láti ọjọ́ Ẹtì. Mo bi Ọ̀gá. Ó ní ohun tó há sí ọmọ nínú láti ìgbà ìbí ló ń tú jáde. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, mo tiẹ̀ sọ ọ́ dùn ju bí Ọ̀gá ti sọ ọ́ lọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ìka kẹrin náà ti ń ṣe pàjápàjá. Òjò.

Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Onídìrí gbé búrẹ́dì gbígbóná wá fún mi, ó ní ilé àwọn ti dákẹ́, aládùúgbò òkè ti ń kí àwọn padà. "Ó sùn di aago mẹ́sàn-án àárọ̀, mà. Èmi ni mo jí i kó lè mu ọmú. Ó mu díẹ̀, ó tún sùn." Ó di ọwọ́ ọ̀tún mi mú, èyí tó ti kú, ó sì fi ẹnu kò ó. Mo rí i pé ó fi ẹnu kò ó. Ara mi kò mọ̀ ọ́n.

Fìlà aláwọ̀ aró lónìí. Ìyá àgbà ní òwú ti wọ́n, òun sì ń fi í ṣòfò. Mo kọ mẹ́jọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ọwọ́ òsì nìkan ni mo fi ṣiṣẹ́, torí ọwọ́ yẹn ṣì ń mọ nǹkan lára. Mo kan àwùjẹ̀ Ọ̀gá Ariwo. Ibi tó yẹ kó rọ̀, tó yẹ kó máa mí, ó ga, ó le, bí ìgbà tí èèyàn bá tẹ bọ́ọ̀lù tó kún.

Mo lọ bá Ọ̀gá lẹ́yìn iṣẹ́. Ó ń ká aṣọ ìnura. Kò tilẹ̀ wojú mi. "Ọwọ́ ọ̀tún rẹ ńkọ́? Kí ló gbọ́?"

Mo ní, "Mẹ́jọ ni, mà."

"Kí wá ni ìṣòro rẹ? Omi ń padà sípò rẹ̀ ni. Ọwọ́ òsì rẹ ò tíì gbọ́n."

Mo rántí bí ara ṣe tù mí nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀. Mo ń kọ ọ́ síbí kí n má baà gbàgbé pé ara tù mí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin oṣù keje

Oòrùn yọ díẹ̀. Fìlà aláwọ̀ ewéko. Mo mi ìdì kọ́kọ́rọ́ lójú Ọ̀gá Ariwo, kò wò ó. Ẹyinjú rẹ̀ ń wo ìsàlẹ̀ ṣáá, funfun rẹ̀ yọ lókè. Onídìrí rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ òun ti di àgbà, ó ń ronú owó ilé ìwé. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Mo sọ ọ́ fún àbúrò mi bí a ti ń jẹun alẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ta oògùn, ó sì máa ń fi iṣẹ́ mi ṣẹ̀fẹ̀. Ó máa ń ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ń fọwọ́ gbọ́ orí, ẹ bá mi gbọ́ kẹ́tùrù yìí bóyá ó ti hó." Lónìí kò ṣẹ̀fẹ̀. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Báwo lorí rẹ̀ ṣe tóbi tó nígbà tí ẹ wọ̀n ọ́n?"

"A kì í wọn orí."

"Ẹ kì í wọn orí? Ọmọ ń ké, kò ké mọ́. Ó ń bì. Ó ń sùn ṣáá. Ẹ̀yin wá ní ó ti dáa? Àǹtí mi, ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́ o."

Mo ní ẹni tó ń ta oògùn kì í ṣe dókítà. Ó ní ẹni tó ń dijú di orí ọmọ mú náà kì í ṣe é. Mo kó àwo lọ fọ̀.

Ẹtì, ọjọ́ karùn-ún

Mo mú téèpù tí àbúrò mi fi ń ránṣọ, mo fi í sápò. Mo gbé e dé ibi iṣẹ́. Mo gbé e padà wálé. Ọ̀gá Ariwo kò ní wá títí di ọjọ́ Ajé, mo sì sọ fún ara mi pé ìdí nìyẹn tí n kò fi yọ ọ́. Ọmọ mẹ́rin mìíràn ni mo gbé lónìí.

Ajé, ọjọ́ kẹjọ

N ó kọ eléyìí bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Mo bọ́ fìlà orí ọmọ, fìlà pupa tuntun, mo nà án sí ìyá àgbà. Kò gbà á. Ó tú àpò òwú rẹ̀, ó kó fìlà mẹ́rin jáde, ó tẹ́ wọn sórí bẹ́ẹ̀dì ìtọ́jú ní ẹ̀gbẹ́ ọmọ náà: funfun, pupa rúsúrúsú, aró, ewéko. Ó wá gba ti ọwọ́ mi, ó fi í ṣe ìkarùn-ún. Wọ́n tò bí àwọn ọmọ ìyá kan, kékeré sí ńlá.

"Ọmọ mọ́kànlá ni mo ti hun fìlà fún," ló wí. Títí di òní, "ẹ" ni ó ń pè mí. "Ojú òwú méjìléláàádọ́rin máa ń tó wọn títí eyín á fi yọ. Èyí, ó há. Mo hun méjìdínlọ́gọ́rin, ó há. Mo hun mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Mo hun àádọ́rùn-ún. Èyí tí ò ń wò yìí, mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ni, mo sì ní láti fà á kó tó wọlé láàárọ̀ yìí."

"Ìyá mi," ni onídìrí wí, "ẹ máa ń fa òwú le jù ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà rò! Mo rò pé ọwọ́ mi ló ti bàjẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tú aró palẹ̀. Mo lọ yá awò ojú ọ̀rẹ́ mi. Torí pé àǹtí yìí ń gbé orí ọmọ náà lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ó sì ń sọ pé ó ti dáa. Ta ni èmi? Òwú ni mo mọ̀." Ó kọjú sí mi. "Ṣùgbọ́n mo wọn irin ìhunṣọ mi lánàá. Mo ka ojú òwú níwájú ẹni mẹ́ta. Ọwọ́ mi ò tíì bàjẹ́. Ọmọ mi, tìẹ ńkọ́?"

Mo yọ téèpù lápò. Ó bọ́ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì. Onídìrí ló bá mi mú u. N kò mọ iye tó yẹ kó jẹ́, torí ọdún mẹ́sàn-án nìyí tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ orí, n kò tíì kọ́ iye tó yẹ kó jẹ́. Mo pe àbúrò mi lórí fóònù, mo ka nọ́ńbà náà fún un. Ó ní, "Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹ má dúró gba agbòjò."

A kò gbà á. Òjò pa wá dé ẹnu ọ̀nà.

Dókítà ọmọdé náà kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Ó fi téèpù pépà yí orí ọmọ ká, ó fi àmì sínú ìwé tó ní ìlà títẹ̀ tó ń fi bí orí ọmọ ṣe yẹ kó tóbi hàn, àmì náà sì bọ́ sí òde gbogbo ìlà. Ó ní omi ló ń kójọ sínú ọpọlọ rẹ̀, kò rí ọ̀nà jáde. Ó wá béèrè pé, "Ìgbà wo ló dákẹ́ ẹkún?"

Èmi ni mo dáhùn. "Ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹfà. Ọjọ́bọ̀. Nǹkan bí aago mọ́kànlá."

"Kí ló dé tí ẹ ò gbé e wá nígbà yẹn?"

Onídìrí ní, "A ń gba ìtọ́jú, sà. Àǹtí yìí ló ń tọ́jú rẹ̀." Kò sọ ọ́ bí ẹ̀sùn. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ kí dókítà mọ̀ pé òun kò fọwọ́ lẹ́rán.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà láàárọ̀. Rọ́bà tín-ín-rín kan láti inú orí, gba abẹ́ awọ ọrùn, lọ sí ikùn, kí omi lè máa wọ́ lọ. Mo dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ìpẹ̀kun kejì, kí wọ́n má baà rí mi. Ìyá àgbà rí mi. Ó rọra ń hun nǹkan, kò dáwọ́ dúró, kò sì pè mí.

Ó ń mí. Ohun tí nọ́ọ̀sì sọ nìyẹn.

Ẹtì, ọjọ́ kejìlá

Ọ̀gá ní kí n mú ìwé àkọsílẹ̀ wá. Ó ń fi ìka tẹ̀ lé ìlà Ọ̀gá Ariwo. Mẹ́jọ, mẹ́jọ, mẹ́jọ. "Wò ó. Ohun gbogbo dára lọ́wọ́ wa. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, ìwé nìyí."

Mo sọ òtítọ́ fún un nígbà náà. Ìka mi, abẹ́rẹ́, àwọn mẹ́jọ tí mo hùmọ̀. Mo rò pé yóò lù mí. Ó jókòó.

"Ìwọ lo ṣe é," ló wí. "Kì í ṣe iṣẹ́ yìí. Ká ní èmi ni mo gbé e, ọwọ́ mi ì bá ti gbọ́."

Ojú rẹ̀ kò parọ́. Ó gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Mo fi kọ́kọ́rọ́ yàrá iṣẹ́ mi sílẹ̀ fún un lórí tábìlì.

Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlá

N kò lè yé ronú ọ̀rọ̀ Ọ̀gá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi pé nígbà tí ọwọ́ mi ṣì dára, kí ni mo ń gbọ́? Mo gbé ìrọ̀rí mi sórí ẹsẹ̀. Mo fọ ọwọ́ òsì, èyí tó yè, nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Mo tẹ́ ẹ sábẹ́ ìrọ̀rí náà, mo dijú, mo dúró bí wọ́n ti kọ́ mi.

Ó wá. Ó rọra gbòòrò, ó rọra súnkì. Mo wo aago, mo kà á.

Mẹ́jọ.

Ìrọ̀rí ni o. Òwú àti aṣọ. Mo gbé ọwọ́ kúrò, mo sì ké títí àbúrò mi fi wọlé. Ó jókòó tì mí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Àbúrò mi fipá mú mi lọ fi ọwọ́ han dókítà. Iṣan ló há níbi ọrùn ọwọ́. Wọ́n ní iṣẹ́ abẹ kékeré lè tú u, pé ọwọ́ mi á padà bọ̀ sípò láàárín oṣù díẹ̀. N kò tíì gbọ́ ìròyìn ayọ̀ tó dùn mí tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ajé, ọjọ́ kejìlélógún

Wọ́n yẹ ojú ọmọ wò. Omi ti tẹ iṣan ojú pẹ́ jù. Ìyá àgbà ló pè mí. "Kò ní ríran. Wọ́n ní ó lè mọ ìmọ́lẹ̀, ó lè má mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní ká ní a gbé e wá ní ìdajì oṣù kẹfà ni." Kò parí rẹ̀. Ó wá ní, "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà níbẹ̀. Ìwọ wà níbẹ̀." Ó pa fóònù.

Ìdajì oṣù kẹfà. Ọjọ́ tí Ọ̀gá pe gbogbo ènìyàn wá wò mí.

Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Mo lọ sí ọsibítù láti sọ òtítọ́ fún onídìrí. Mo ti ka ọ̀rọ̀ náà sórí lọ́nà.

Ẹkún ni mo kọ́kọ́ gbọ́, láti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Mo mọ ohùn náà. Mo di irin àtẹ̀gùn mú, mo gòkè.

Ó wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, apá kan orí rẹ̀ di fífá, ojú ọgbẹ́ ń dán. Àwùjẹ̀ rẹ̀ ti wálẹ̀. Ó ń pariwo bí ọjọ́ àkọ́kọ́, ojú rẹ̀ ń ṣí kiri, kò bá ẹnikẹ́ni pàdé. Ìyá àgbà wà nídìí fèrèsé pẹ̀lú òwú funfun. Nígbà tí onídìrí rí mi, ayọ̀ hàn lójú rẹ̀. Mo fẹ́ sá.

"Àǹtí, ẹ káàbọ̀. Ẹ wò ó, láti aago méje ló ti ń ké." Ó gbé e, ó nà án sí mi. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń mú un dákẹ́."

Mo kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

Mo sọ ọ́ fún un níbẹ̀, lórí ìdúró, kì í ṣe bí mo ti kà á sórí. Mo ní n kò gbọ́ nǹkan kan rí lórí ọmọ rẹ̀. Mo ní irọ́ ni mo kọ sínú ìwé. Mo ní ọjọ́ tí àwùjẹ̀ rẹ̀ le lọ́wọ́ mi, mo mọ̀ ọ́n, mo sì dákẹ́.

Apá rẹ̀ ṣì nà sí mi. Ó wẹ̀yìn wo ìyá rẹ̀, ó tún wò mí. "Ta ló wá mú un dákẹ́?"

"Omi tó kún orí rẹ̀ ni," ni ìyá àgbà wí. Kò gbé ojú kúrò lórí òwú.

Onídìrí fa ọmọ náà padà sí àyà. Nọ́ọ̀sì kan yọjú, ó ní, ṣé ẹ ò lè rẹ ọmọ yìí lẹ́kún ni, àwọn yòókù ń sùn.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni onídìrí wí. "Kó ké."

Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ìyá àgbà ń ka ojú òwú sókè, ọ̀kọ̀ọ̀kan, Ọ̀gá Ariwo sì ń ké, kò sì sẹ́nikẹ́ni nínú wa tó ní kó dákẹ́.